Ààtàn Ẹ̀yìnkùlé: Ọgbà Ẹ̀fọ́ Lórí Iyanrìn Àgbádárìgì

Ẹ̀yin ará Ìworò, Àjídó, Akárákumọ̀ àti Tòpó, ẹ̀yin ará Àjárá àti Ìbèrèko, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lódìkejì ọ̀sà ní Gbéréfù àti Yòvóyàn, títí dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, mo kí gbogbo yín pátá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dáná lọ́wọ́, ẹ má wulẹ̀ dìde. Ẹ kàn gbé rédíò sún mọ́ ìdí ààrò, torí ọ̀rọ̀ ilé ìdáná gan-an la fẹ́ sọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ ni. Ẹ̀fọ́ tá a máa gbìn sínú àpò ìrẹsì tó ti ṣófo, sínú ike pẹ́ǹtì, sínú bàsíà tó ti lu, kó máa hù lẹ́yìnkùlé, kẹ́ni tó fẹ́ se ọbẹ̀ kàn jáde, kó já a, kó wọlé. Mo sì mọ ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ sọ. Ẹ máa ní, "Ilẹ̀ wa iyanrìn ni. Kí ló ń hù níbẹ̀ ju àgbọn lọ?"

Ẹ ò parọ́. Iyanrìn etíkun kì í mú omi dúró. Ẹ da garawa omi kan sí ìdí ata lórí iyanrìn wa yìí. Kẹ́ ẹ tó padà dé ìdí kànga, omi náà ti rì lọ sísàlẹ̀, ó sì ti gbé ìwọ̀nba oúnjẹ tó yẹ kí ata rí jẹ lọ. Àgbọn ní tiẹ̀ ń rọ́nà gbé e gbà, torí gbòǹgbò rẹ̀ pọ̀, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ kò sì dà á láàmú. Àwọn fadá Àgùdà tó dá oko sílẹ̀ ní Tòpó lọ́dún 1876 mọ èyí, àgbọn ni wọ́n gbájú mọ́. Ẹ̀fọ́ ò lágbára bẹ́ẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ tẹ́ ẹ bá fọ́n sórí iyanrìn lásán á hù o, àmọ́ bó bá ti ga tó ìka ọwọ́, ewé rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á yáa so èso kó tó di ohun téèyàn lè fọ̀bẹ kàn.

Síbẹ̀, àwọn kan ń gbé lórí irú iyanrìn yìí kan náà, wọ́n sì ń jẹun lórí rẹ̀. Ní Anloga, lápá ìlà-oòrùn etíkun Gánà, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín òkun àti ọ̀sà Keta. Àwọn Ewe tí wọ́n ń pè ní Anlo ló ń gbébẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ará etíkun mọ̀ wọ́n dáadáa, torí ó pẹ́ tí àwọn apẹja wọn ti ń wá da àwọ̀n lọ́dọ̀ wa níbí. Àlùbọ́sà ni wọ́n ń gbìn lórí iyanrìn yẹn, irú èyí tó kéré tó máa ń dì mọ́ra wọn nídìí. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń gbìn ín. Wọ́n á gbẹ́ kànga sínú iyanrìn, wọ́n á fi ọwọ́ bomi rin àlùbọ́sà, wọ́n á kó ìgbẹ́ màlúù, ẹja wẹ́wẹ́ àti ìgbẹ́ àdán sínú ilẹ̀. Ìgbẹ́ àdán o! Ẹni tó ń wá ìgbẹ́ àdán kiri nítorí àlùbọ́sà, ṣé ẹ lè dúró níwájú rẹ̀ kẹ́ ẹ ní iyanrìn ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ gbin gbúre?

Èyí tó tún sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ wà ní Àjàṣẹ́, níbi táwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Bẹ́ ẹ bá ti kọjá Sẹ̀mẹ̀, ẹ ti ń dé ibẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún 1985, fadá kan tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, Godfrey Nzamujo, tó ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí hẹ́kítà ilẹ̀ kan tí ìjọba Benin fún un. Songhai ni wọ́n ń pe ibẹ̀ dòní, àwọn èèyàn sì ń ti oríṣiríṣi ìlú lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tó gbé wọn lárugẹ ò ju pé wọn kì í da nǹkan nù. Ìgbẹ́ ẹran ọ̀sìn ń lọ sínú kòtò tó ń mú gáàsì ìdáná jáde, èyí tó bá ṣẹ́kù nínú kòtò á di ajílẹ̀. Wọ́n ń fi ìfun ẹran sin ìdin, wọ́n á kó ìdin fún ẹja jẹ. Ẹ má fajú ro. Ẹja yẹn làwọn èèyàn ń tò láti rà.

Kódà, koríko orí omi tó máa ń yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò, èyí tó ń dí ojú ọ̀sà wa pa, ajílẹ̀ ni lọ́dọ̀ wọn. Koríko yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa tẹ́lẹ̀. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní gbogbo Nàìjíríà, ojú omi Àgbádárìgì níbí ni wọ́n sì ti rí i. Ó gba ọ̀nà omi Àjàṣẹ́ wọlé tọ̀ wá wá. Láti ìgbà náà la ti ń ṣépè fún un nítorí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tó ń ká lọ́wọ́ kò. Ẹni tó bá lè fà á sórí ilẹ̀, kó gé gbòǹgbò rẹ̀ sọnù, kó sá a gbẹ, ó ti rí ajílẹ̀ ọ̀fẹ́. Àmọ́ kẹ́ ẹ má fà á níbi tí epo ọkọ̀ tàbí omi ilé iṣẹ́ ń ṣàn sí o, torí ó máa ń fa májèlé inú omi mu. Kẹ́ ẹ sì fi igi tú u wò kẹ́ ẹ tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ejò fẹ́ràn ibẹ̀.

Ohun tí mò ń bọ̀ wá sọ rèé: ilẹ̀ ọlọ́ràá tẹ́ ẹ ń retí pé kí ọkọ̀ típà gbé wá láti òkè, ilé ìdáná yín ń pèsè rẹ̀ láràárọ̀. Ẹ̀yin lẹ ń gbé e sọnù.

Ẹ̀yin àgbà tó ń gbọ́ wa á rántí ààtàn. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n máa ń da èèpo iṣu, eérú, ìràwé àti ìgbẹ́ adìyẹ sí. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tẹ̀tẹ̀ á bo ibẹ̀, tòmátì wẹ́wẹ́ á yọ, elégédé á máa rá pálá lọ sára ògiri, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó gbìn wọ́n. Ìyá àgbà kan á kàn fi ìgbálẹ̀ lé adìyẹ, á já ẹ̀fọ́, ó di ilé. Wọ́n ní ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀, ìwà yẹn ló sì padà kó bá a. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà dé, ó gbà á. Ike dé, ó gbà á. Ìlédìí ọmọ tí wọ́n ń lò sọnù, bátìrì, gílóòbù tó ti jó, gbogbo rẹ̀ ló gbà, títí tí kò fi ṣeé gbin nǹkan sí mọ́. Ló bá di pé ká máa dáná sun gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí èéfín dúdú máa wọ yàrá aládùúgbò.

Ìyàsọ́tọ̀ ni gbogbo iṣẹ́ yìí dá lé. Ẹ fi ike méjì sí ilé ìdáná. Èyí tó ń jẹrà lọ́tọ̀: èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo ẹyin, ìdí ẹ̀fọ́, èèpo ẹ̀gẹ́, ìràwé téèyàn gbá. Èyí tí kì í jẹrà lọ́tọ̀: àpò, ike, ọ̀rá, agolo. Èyí àkọ́kọ́ ló máa di ilẹ̀, èkejì ló máa di ìkòkò tá a máa bu ilẹ̀ sí. Ọbẹ̀ tó kan ò sí nínú ti àkọ́kọ́ o, torí epo àti iyọ̀ rẹ̀. Ìfun ẹja àti omi tẹ́ ẹ fi ṣan ẹja dára gan-an, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yan ẹja sì ní in lọ́pọ̀, àmọ́ kòtò ni kẹ́ ẹ rì í sí, kó jìn tó orókún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eṣinṣin àti ajá àdúgbò á mọ ilé yín.

Ẹ wá wá garawa kan tí ìdí rẹ̀ ti yọ, tàbí kẹ́ ẹ fi imọ̀ àgbọn hun ọgbà róbótó kan sí ìdí igi. Ẹ da nǹkan gbígbẹ sísàlẹ̀, ẹ da tútù lé e, ẹ da gbígbẹ lé e padà, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ bò ó. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, bẹ́ ẹ bá ti ọwọ́ bọ àárín rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó gbóná. Iṣẹ́ ló ń ṣe yẹn. Ẹ máa fi ọ̀pá tú u lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá ń rùn, omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ fi ìràwé kún un. Bó bá dá wáí tí kò gbóná, ó ti gbẹ jù. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, nínú ooru wa yìí, á dúdú, á fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ ò sì ní mọ èwo ni èèpo iṣu mọ́.

Àpò wá kàn. Ẹ mú àpò ìrẹsì tó ti ṣófo, èyí tí wọ́n fi ń di 50 kílò. Ẹ ká ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ títí yóò fi ku ìdajì, kó lè dúró gírí. Ẹ dá ihò díẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Ohun tó máa kọ́kọ́ wọ ìsàlẹ̀ ni èèpo àgbọn, èyí tí wọ́n ń kó jọ bí òkè lẹ́yìn ọjà Agbalátà àti ní ẹ̀gbẹ́ títì. Èèpo yìí máa ń mu omi sára, á sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún gbòǹgbò. Àmọ́ ẹ má kó o sí i bẹ́ẹ̀. Àgbọn etíkun ní iyọ̀ lára, ó sì ní oje pupa kan tí ọ̀gbìn kéékèèké kò fẹ́. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tí kò níyọ̀, ẹ máa da omi rẹ̀ nù, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀, títí omi náà kò fi ní pupa bí omi tíì mọ́.

Lórí èèpo àgbọn yẹn lẹ máa wá bu ilẹ̀ tẹ́ ẹ pò lé. Iyanrìn wa kó ìdá kan, ajílẹ̀ tẹ́ ẹ ṣe kó ìdá kan, yẹ̀pẹ̀ dúdú abẹ́ igi láti apá Àjárá kó ìdá kan. Ẹ rí i pé iyanrìn tẹ́ ẹ ń bú náà wúlò. Òun ni kì í jẹ́ kí ilẹ̀ dì gbagidi bí òjò bá rọ̀. Ẹni tó bá ní ìgbẹ́ adìyẹ, kó jẹ́ kó gbó dáadáa kó tó lò ó, torí èyí tó bá ṣì tutù máa ń jó gbòǹgbò.

Wọ́n ń ṣe irú àpò yìí ní Kibera, àdúgbò tí ilé ti há mọ́ra ní Nairobi, orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà. Lẹ́yìn wàhálà ìbò tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, àjọ Faransé kan tó ń jẹ́ Solidarités bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìdílé ní 2008 bí wọ́n ṣe lè gbin ẹ̀fọ́ sínú àpò lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Tiwọn, wọ́n ń to òkúta sí àárín àpò láti òkè délẹ̀ kí omi lè rọ́nà gbà, wọ́n á dá ihò yí àpò ká, wọ́n á ki ẹ̀fọ́ bọ ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀fọ́ lè hù lókè, kó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Níbo la ti fẹ́ rí òkúta létíkun? Ike omi ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ fi ìṣó tẹ́ ẹ mú gbóná nínú iná lu ike náà káàkiri, ẹ gé ìdí rẹ̀ kúrò, ẹ dojú rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀ láàárín àpò, kẹ́ ẹ wá máa bu omi sínú rẹ̀. Gbòǹgbò ìsàlẹ̀ á mu ún, oòrùn ò sì ní rí i gbẹ.

Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ńkọ́? Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gé orí rẹ̀, ẹ dá ihò méjì sí ìdí rẹ̀, ẹ bu ilẹ̀ sí i, ó di nọ́sìrì ata rodo. Ata á wà níbẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sínú ike pẹ́ǹtì. Bẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ, ẹ ya ọ̀rá náà kúrò o, ẹ má rì í mọ́ ilẹ̀.

Ohun kan wà tí mi ò ní fi ṣeré. Kì í ṣe gbogbo ike ló yẹ ká gbin oúnjẹ sí. Kẹ́ẹ̀gì tó ti gba oògùn apakòkòrò tàbí oògùn apakoríko, ẹ má lò ó, ẹ ò báà fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ike ásíìdì bátìrì, ike epo ẹ́ńjìnnì, igi tí wọ́n fi oògùn ikán sí, wọn ò sí lára ohun tá à ń sọ. Ike pẹ́ǹtì olómi tẹ́ ẹ bá bó inú rẹ̀ dáadáa dára. Táyà, ẹ fi gbin òdòdó sí iwájú ilé. Ti ẹ̀fọ́, mo fara mọ́ àpò.

Kí lẹ máa wá gbìn? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kì í já èèyàn kulẹ̀. Gbúre tẹ́ ẹ rà lọ́jà, ẹ já ewé rẹ̀ sè, ẹ ki igi rẹ̀ bọ ilẹ̀, á hù. Amúnútutù náà bẹ́ẹ̀, ewúro náà bẹ́ẹ̀. Ẹfinrin kan ṣoṣo tó fún gbogbo agboolé. Tẹ̀tẹ̀ ò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ kó tó ṣeé já. Èso rẹ̀ kéré púpọ̀, torí náà ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kẹ́ ẹ tó fọ́n ọn, kó má baà ṣùjọ síbì kan. Ṣọkọ àti ẹ̀fọ́ igbó, èyí táwọn ará wa tó ń sọ Ògù ń pè ní gboma, ẹ máa rẹ́ wọn lórí, wọ́n á tún yọ ẹ̀ka. Ẹ má fa wọn tu.

Ewédú ló máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Wọ́n á fọ́n ọn, wọ́n á wò ó títí, kò ní hù, wọ́n á ní ẹni tó tà á fún wọn ló rẹ́ wọn jẹ. Èèpo ara èso ewédú ló le. Ẹ di èso náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sínú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó tẹ́ ẹ ti sọ̀ kúrò lórí iná, ẹ ka ení, èjì títí dé ẹ̀wá, ẹ fà á yọ kíá, ẹ tì í bọ omi tútù, ẹ sá a kó gbẹ. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú omi gbígbóná, ẹ ti sè é nìyẹn.

Tòmátì, ẹ jẹ́ kó dúró ná. Àìsàn tó máa ń mú un rọ lójijì pọ̀ ní agbègbè ọ̀rinrin bíi tiwa, ẹni tó bá sì fi tòmátì bẹ̀rẹ̀ máa ń fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kíákíá.

Ọ̀rọ̀ omi. Ẹ tọ́ omi kànga yín wò lẹ́nu. Bó bá níyọ̀, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má fi bomi rin ẹ̀fọ́. Ẹ gbe omi òjò láti orí páànù sínú dúrọ́ọ̀mù. Omi tẹ́ ẹ fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀wà dára. Omi ìfọṣọ tó ní ọṣẹ púpọ̀ ò dára, èyí tó ní oògùn tó ń sọ aṣọ di funfun burú jù. Ẹni tí ilé rẹ̀ kọjú sí òkun, kó fi imọ̀ àgbọn ṣe ọgbà sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, torí afẹ́fẹ́ yẹn ń gbé iyọ̀ wá sára ewé. Ọgbà kan náà á ràn yín lọ́wọ́ lórí ewúrẹ́. Mo ti rí ibi tí ẹ̀fọ́ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìyá méjì nítorí ewúrẹ́ tí kò mọ ilé onílé yàtọ̀. Àǹfààní àpò nìyẹn pẹ̀lú: ẹ lè gbé e lé orí bẹ́ǹṣì, bí omi ọ̀sà bá sì kún wọ àgbàlá, ẹ gbé e sókè.

Mi ò fẹ́ tàn yín jẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kéèyàn máa jẹ ó kéré tán 400 gíráàmù èso àti ẹ̀fọ́ lójúmọ́. Àpò mẹ́ta ò lè pèsè ìyẹn fún bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin. Ohun tó lè ṣe ni pé owó ata àti ẹ̀fọ́ tẹ́ ẹ ń yọ lápò lójoojúmọ́ á dín kù, ẹ̀fọ́ tẹ́ ẹ sì ń jẹ á jẹ́ èyí tẹ́ ẹ mọ ohun tí wọ́n fín sí i lára. Ẹ sì má retí ìjọba. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà rántí 1976, nígbà tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé ètò "Operation Feed the Nation" jáde. Gbogbo iwájú ilé ló di oko àgbàdo, olùkọ́ àti ọlọ́pàá ń kọ ebè. Ìjọba yí padà, orúkọ ètò yí padà, ọ̀pọ̀ ebè di pápá. Ẹ̀fọ́ tá a gbìn nítorí ìkéde kì í pẹ́. Èyí tá a gbìn nítorí pé a fẹ́ jẹ ẹ́ ló ń tọ́.

Òjò wa ń bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹta, ó máa ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, á tún padà dé ní oṣù Kẹsàn-án. Ajílẹ̀ sì ń gba oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó gbó. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró de òjò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ òní, bẹ́ ẹ bá ti bó iṣu tán, ẹ wá ike kan fún èèpo rẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé ọ̀rá ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó kọ ọ́ sílẹ̀ dè wá. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ kòkòrò tó ń jẹ ewé ẹ̀fọ́ la máa sọ.